Ajá Funfun Tí Kì Í Dá Ẹnikẹ́ni Lóhùn

Ajá funfun la máa ń sìn nílé wa ní Èmùrè-Ilé. Bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní nínú igbó tó ṣú, ajá aláwọ̀ ilẹ̀ jọ ẹtu, ọdẹ tó bá kánjú lè yìnbọn fún un. Ṣùgbọ́n ajá funfun, ojú kì í ṣì í. Nítorí náà, bí abo wa bá ti ń wá akọ, akọ funfun la máa ń wá fún un, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ó bá bímọ, àwọn tó funfun jù la máa ń mú, a ó fi àwọn tó lámì tọrẹ. Bàbá mi ṣe é títí ó fi kú. Èmi náà sì ń bá a lọ bí ẹni ń ka Àdúrà Olúwa, ẹnu ń sọ ọ́, ọkàn kò sí níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí a fi ń yangàn: àwọn ajá wa kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àlejò lè súfèé títí ètè rẹ̀ yóò fi gbẹ, ajá wa kò ní yíjú. A ní ajá tó ní ìwà ni, kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò mọ̀. Bí èmi fúnra mi bá pè é tí kò wá, mo máa ń sọ pé ó ń ronú.

Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé èmi kò lè sọ pé n kò kàwé. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, nígbà tí irun mi ṣì dúdú tí mo ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, láti orí àgbàdo títí dé orí ènìyàn. Mo kọ ọ́ dáadáa nínú ìdánwò, mo sì fi í sílẹ̀ sínú yàrá ìdánwò náà. Kò sí ìgbà kankan tí mo rò pé ó kan ajá bàbá mi.

Abo tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ó kẹ́yìn nílé wa. Ó funfun báláú, ojú rẹ̀ kan dúdú, ìkejì jẹ́ búlúù. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun ló ń bá mi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Akọ kan ṣoṣo tó kù nínú ìran náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìmọ̀rù, àgbẹ̀ àti ọdẹ, tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ti ṣe àdéhùn pé a ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, "Àna mi" ló ń pè mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kadà gbé e dé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta àti òkété gbígbẹ.

"Àna, ẹ kú ilé o! Ẹrù ìyàwó nìyí. Ara ìyàwó wa ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyàwó yín kò ṣe nǹkan kan ju oorun lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sanra jù. Ọkọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ o."

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. "Òkété fún ajá! Nígbà tí bàbá yìí wá fẹ́ mi, mo rí òkété kankan bí?"

A rẹ́rìn-ín, a sì jẹ iṣu náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún mi. Ilẹ̀ bàbá mi, wọ́n ti pín in; ìbọn rẹ̀ ti dípẹtà; ilé rẹ̀ ti di ti àwọn ayálégbé. Ajá yìí ló kù. Mo fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ kí n tó lọ bá bàbá mi, kí n lè sọ fún un pé nǹkan rẹ̀ kò parun sí mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ẹran wá láti Ọ̀wọ̀ láti gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń pe ajá náà, ṣùgbọ́n ajá dojú kọ ògiri, ó ń sùn.

Mo ní, "Má dààmú ara rẹ. Ajá wa kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Dádì, ṣé kì í dáni lóhùn ni, àbí kì í gbọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí ńlá lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó lọ sẹ́yìn ajá, ó sì fi ṣíbí lu ọmọrí náà gbàgà! Àwọn adìyẹ tú ká. Ewúrẹ́ fo ọgbà. Aládùúgbò wa ké pé, "Kí ló wó lọ́hùn-ún?" Ajá mi ń sùn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n bí ẹni ń lépa ẹran lójú àlá.

Mo ní, "Ó gbọ́. Ó kàn kẹ́gàn rẹ ni."

"Ó ti kẹ́gàn gbogbo àdúgbò nìyẹn, Dádì."

Kí n lè fi hàn án, mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ. Ajá fò dìde, ó ń ju ìrù bọ̀. Mo ní, "Ṣé o rí i?" Dókítà náà mi orí. Ó ní ilẹ̀ ló gbọ̀n sí i lára, kì í ṣe etí rẹ̀ ló gbọ́. Ó ní etí dídi sábà máa ń tẹ̀ lé irú àwọ̀ funfun báyìí láti ara ìyá dé ara ọmọ, àti pé bí a bá ń so funfun mọ́ funfun nínú ẹbí kan náà, ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Ó wá béèrè ohun tó pa àwọn tó ṣáájú.

Ọkọ̀ ló pa mẹ́ta nínú wọn, lójú títì iwájú ilé wa. Mo rántí èyí tó kẹ́yìn. Dírẹ́bà náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ pé, "Bàbá, mo fọn fèrè. Mo fọn ọ́n títí." Mo pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Síbẹ̀, mo ṣì ń jiyàn. Mo ní tí a bá bí mẹ́fà, bóyá etí mẹ́ta nínú wọn kò ní di. Ìyàwó mi ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, èmi ni mo máa ń gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ní ọdún tó kọjá, ìwé ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan kò bára mu. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin lẹ ó ṣe ìgbéyàwó, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi débi pé mo tún un sọ nílé.

Ìyàwó mi gba ọmọrí ìkòkò rẹ̀ padà. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ fẹ́ ìran bàbá yín, ọmọ ajá ni mọ́tò yóò pa."



Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmọ̀rù, mo mú ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí dání. Bí mo ṣe ṣàlàyé tán, ọ̀rẹ́ mi gbàgbé pé àna ni wá.

"Ìwọ yìí! Ṣé o ti jẹ òkété mi tán lo wá ń kọ ọkọ?"

"Jẹ́ ká dán tìrẹ náà wò."

"Tèmi ń gbọ́ o! Lu ọmọrí rẹ, kí ojú tì ọ́."

Mo lù ú lápá òsì ajá. Akọ náà ta gìrì, ó sì bojú wo apá ọ̀tún. Mo lù ú lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo apá ọ̀tún. Etí kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí ariwo kò sí ló ti ń wá a.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èyí ló fà á. Bí mo bá súfèé ní ìhín, ó máa ń sá lọ sí ọ̀hún. Mo rò pé ó ń gbọ́ òórùn ẹran ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tẹ̀ lé e kiri igbó!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó bú lẹ́nu tèmi náà, títí a fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "A ò ní so wọ́n pọ̀ mọ́. Iṣu mi ńkọ́?"

"A jọ jẹ ẹ́ ni."

Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá mi, kò ní bímọ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti gba ọmọ ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan lọ́wọ́ alápatà ní Ìfọ́n, etí rẹ̀ méjèèjì mú bí abẹ. Kí ọdẹ má bàa ṣì í yìn, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Mo wo aṣọ náà pẹ́, kò ju ọwọ́ mi lọ ní fífẹ̀. Èyí ni ì bá ti tó bàbá mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ rí. Èmi ni wọ́n kọ́.

Nísinsìnyí, bí ọ̀sán bá pọ́n, mo máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí tó kẹ́yìn nínú ìran bàbá mi yóò dìde, yóò na ara, yóò sì máa bọ̀, ojú búlúù rẹ̀ ń tàn. A ti mọ odi sáàárín ilé wa àti títì.