Àga Ló Fún Mi ní Ẹ̀yìn Ríro

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n fojú ara wọn rí mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn náà ò gbà mí gbọ́. Àga ọ́fíìsì ló gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ká tó máa lọ.

Àbújá ṣì kún fún erùpẹ̀ pupa àti kátapílà nígbà náà. Èkó ni iléeṣẹ́ wa wà. Èmi akọ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ rán wá sí Gárkì, pé kí n jókòó ti tẹlifóònù títí àwọn ọ̀gá yóò fi kó dé. Láti aago méje àbọ̀ àárọ̀ di aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, iṣẹ́ mi ni kí n wà lórí àga. Tẹlifóònù náà lè má dún fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá wá dún, ọ̀gá Èkó á ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Èmi á ní, "Mo wà níbẹ̀, sà." Ó parí nìyẹn. Àsìkò náà sì ni wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń já ewé. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò sí lórí àga, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ráyè tọ̀ dáadáa.

Méséńjà tí wọ́n wá fi kún mi, bàbá kan láti ọ̀nà Kàbà tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ló ń fẹsẹ̀ gbé fáìlì káàkiri Gárkì nínú oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí òpó tẹlifóònù.

"Akọ̀wé, dìde kí o rìn yí ilé yìí po. Ara èèyàn kì í ṣe àpótí."

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn, ibo lẹ rìn dé?"

"Mo rìn délé lánàá, mo sì gún iyán fúnra mi. Ìwọ ńkọ́?"

Èmi, tí mo bá délé ní Nyanya, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ìyàwó mi á pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ, mi ò ní gbé korobá kan. Màá ní ẹ̀yìn ń ro mí. Òun á ní, "Kí lẹ gbé?" Màá yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tó yọ̀ ṣubú tòun ti omi lórí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ń bi í pé kí ló fọ́. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní òpópónà kejì, káfíńtà tó ń kan àga tà ní Kugbo. Ẹ wo ìdílé tí mo lọ fẹ́yàwó.

Bàbá wọn gbéra láti Ọ̀yọ́ wá mú un lọ sílé. Wọ́n fún mi ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan ṣoṣo láti wá bẹ̀bẹ̀ nílé káfíńtà. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wọlé, ó padà sọ́dọ̀ mi. Bí kò bá wọlé, ọkọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Méséńjà tẹ̀lé mi lọ bí àgbà.

Mo dé iwájú bàbá ìyàwó mi, mo tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ mi ò tí ì kan orúnkún tí iṣan kan fi fún pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró síbẹ̀ bí ìkọ́.

Bàbá wò mí pẹ́. "Ṣé èmi lo ń mi orí sí bí alángbá?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yìn ló ń ro mí."

"Kí lo gbé?"

"Mi ò gbé nǹkan kan, sà. Mo jókòó ni."

Àwọn tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní, "Bàbá, láti ọdún tí mo ti ń kan àga, mi ò tí ì gbọ́ pé ọ̀kan bu oníbàárà jẹ." Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ebè ni mo kọ tán kí n tó wọkọ̀."

"Òótọ́ ló ń sọ," ni méséńjà wí. "Ìjókòó ń ba ẹ̀yìn jẹ́ ju ebè lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un, kò gbọ́," ni bàbá dáhùn. "Ọmọ mi náà sọ fún un."

Mo di eyín mọ́ eyín, mo jẹ́ kí ara mi wó lulẹ̀. Àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Ohùn bàbá rọ̀. "Ó dáa. Dìde ká sọ̀rọ̀."

Mi ò lè dìde.

"Mo ní kí o dìde."

Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ara ò tẹ̀lé e. Ẹni tí àna ní kó dìde tí kò dìde, oríkunkun ni wọ́n ń kà á sí. Láti ibi tí mo wà, bàtà sílípáàsì ìyàwó mi ni mo rí tó sún mọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré." Mo ní ara ò gbé e. Ẹsẹ̀ náà dúró díẹ̀, ó yí padà, ó wọ inú yàrá lọ.

Méséńjà àti káfíńtà gbé mi lọ sílé bíi pákó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tí ì mọ́ tán tí méséńjà ti dé. Ó fà mí dìde, ó ní ká máa rìn lọ sí gáréèjì. Mo sunkún lójú ọ̀nà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rìn ni ẹ̀yìn náà ń tú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, mo tẹ̀ wò, ọwọ́ mi kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ Ìbàdàn tó ń gba Ọ̀yọ́ kọjá ti lọ. "Kai, ó ti pẹ́," ni ọkùnrin tó ń pe èrò wí. "Bàbá kan àti obìnrin kan, iwájú ni wọ́n wà. Òmíràn á tó kún."

"Wọlé, akọ̀wé," ni méséńjà wí. "Bá wọn dé Ọ̀yọ́. O ti lè dọ̀bálẹ̀ báyìí."

Mo wo aago ọwọ́ mi. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, ọ̀gá Èkó sì fẹ́ràn láti máa pè láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Gárkì ń fọn fèrè lódìkejì títì. Mo sáré sọdá. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo jókòó.