Ẹni Tó Dúró Síbi Tó Yẹ

Bí agẹrun ṣe fi sípíríìtì nu ọrùn ọmọ mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ lánàá, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Òkè-Ìlá.

Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi a mú mi lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó wà lábẹ́ igi náà, níbi tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀kì kan, agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Agẹrun na fóònù rẹ̀ sí bàbá mi. "Tíṣà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ nípa eré rẹ̀. Kì í já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ló ń ṣe nínú pápá?"

Bàbá mi gbá itan. "Ẹni tó ti dúró síbi tó yẹ, kí ló fẹ́ já gbà? Wọn ò jẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá! Nọ́ńbà wo ló ka ìyẹn?"

Orí bẹ́ǹṣì ni mo sùn sí, ẹ̀pà gbígbóná lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lajú, bàbá mi á ti sún àpótí tó jókòó lé. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo rò pé ìbínú bọ́ọ̀lù ni.

"Tíṣà, ẹ bọ́ síbi ìbòòji. Bọ́ọ̀lù lásán mà ni!" ni agẹrun wí.

"Ibí yìí dáa," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn.

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé oòrùn ni bàbá mi ń dí lọ́nà, kó má baà dé ojú mi.

Lánàá, oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé sójú ọmọ mi. Mo sún àga mi.