Ìyẹ̀fun Inú Ẹ̀wù Iṣẹ́

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin kan níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ àgbàdo di omi ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe iṣẹ́ náà, irú èyí tó wà nínú itọ́ wa, tó ń mú oúnjẹ dùn tí a bá ń rún un pẹ́ lẹ́nu. Tí wọ́n bá dà á sínú omi lásán, yóò bá omi lọ. Obìnrin yìí ló ń pò ó mọ́ oje ewéko òkun, á máa kán an tó-tó-tó láti ẹnu abẹ́rẹ́ sínú omi oníyọ̀ kan, á sì dì bí ẹyin ẹja, pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù nínú. Wọ́n á lò ó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un lò. Tirẹ̀ kì í fọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú ni ẹ́ńsáìmù náà kí wọ́n tó pò ó, ó sì ń fẹ́ sí i nímú. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Bíńtín rẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún ọ̀gá ni ọ̀gá ní kó máa lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba ipò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ṣé ká wá jókòó ká máa wo ara wa lójú ni?"

"Mi ò bínú. Ṣáà máa bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ síta."

Àbúrò bọ́ ọ síta fúngbà díẹ̀, ó sú u. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀gbọ́n á máa mí fíì-fíì bí ẹwìrì. Ìyá wọn kọjú sí ẹ̀gbọ́n, ó dá ẹjọ́: "Ìwọ, kó ẹní rẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ilé ló yẹ kó sùn."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jà lórí omi ìwẹ̀. Àbúrò kò bú u, kò lù ú. Ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́, ó gbọ̀n ọ́n sórí ìrọ̀rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún un gbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n sùn lé e, kò lè mí mọ́; aládùúgbò ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyá wọn sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ikọ́ yìí ti ń ṣe é láti kékeré." Irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n kò padà sílé mọ́. Ó gba yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ó ń bá a ṣẹ́tí aṣọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré gbé àga.

"Mi ò jókòó. Àbúrò rẹ ní báwo lo ṣe ń ṣe é tí kì í fọ́? Tirẹ̀ ń fọ́, wọ́n fẹ́ lé e."

Ẹ̀gbọ́n dá àga náà padà sáyè rẹ̀. Ó wá sọ ọ́: kí abẹ́rẹ́ má jìnnà sí omi, kí wọ́n má kánjú kó o jáde.

"Abẹ́rẹ́ má jìnnà. Má kánjú." Ìyá ń tún un wí kó má baà gbàgbé, ó sì yí padà. Ó ti dé títì kó tó rántí pé òun ò kí aránṣọ. Ó padà wá, ó kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.