Ìborùn Tí Ifáyọ̀kẹ́ Fi Ń Gbàyè

Ìyàwó mi Bertha kì í tètè dé ibikíbi. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá gèlè. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n pẹ́ dé, òun gan-an ni aago ò rí bá wí. Mo bá a jà sí i títí ẹnu fi bó mi. Nígbà tó yá, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ kí ìwà yìí rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni Ifáyọ̀kẹ́. Ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Bertha. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni Ifáyọ̀kẹ́, ilé olórìṣà pọ́ńbélé. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá Ifáyọ̀kẹ́ kú, ó kúrò ní ilé ìwé, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà'ba. Bertha ń kàwé lọ ní tiẹ̀. Àwọn èèyàn ní ọ̀rẹ́ náà ò ní í pẹ́ tú. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Hùn-ún! Àwọn méjì yìí ṣe é ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Eré tiátà ló so wọ́n pọ̀. Nígbà èwe wọn, bí àwọn eléré bá ti gbé ọkọ̀ wọ ìlú, tí wọ́n ń kéde káàkiri Bẹẹrẹ pé àwọn fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn Mápó, Ifáyọ̀kẹ́ á ti palẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó rọ̀. Á gun òkè lọ, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, á tẹ́ ìborùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ á gbọ́ ọ: "Ó lẹ́ni o!" Ọkùnrin géńdé á yà bàrá. Eré á ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí Bertha tó já wọlé. Á ká ìborùn náà, á jókòó bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ gbọ̀ngàn, á sì na ọwọ́ sí ẹ̀pà sísun tí Ifáyọ̀kẹ́ dì sínú bébà.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i. Mo wo ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí obìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, ó tẹ́ ìborùn, ó ń lé àwọn ìyá ìjọ sẹ́yìn. Ìyá Bertha ló ń gbàyè fún. Ìyá ìyàwó pẹ́ dé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀! Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìran wọn ni.

Nígbà tó yá, fídíò gba ìgboro, eré orí ìtàgé sì di ìtàn. Àwọn méjèèjì wá ń wo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa ní Òkè Padre. Ẹ gbọ́ mi o, nínú ilé tí èmi Japheth fowó ara mi kọ́, Ifáyọ̀kẹ́ á wọlé, á tẹ́ ìborùn sórí àga tó dára jù, á ní, "Ọkọ wa, ẹ má bínú, ó lẹ́ni." Bertha á ṣì wà nínú kíṣìnì. Inú á bí mi, ẹ̀rín á sì tún pa mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn tiátà tuntun kan sí ọ̀nà Bẹẹrẹ. Eré mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣí i. Bertha gbọ́, ó di ọmọdé. Àmọ́ wọn kì í lọ gbàyè níbẹ̀. Orí fóònù lèèyàn ti ń yan àga. Gbogbo àga ló ní nọ́ńbà, ẹni tó bá sì sanwó ti ni tiẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló máa wọlé kẹ́yìn.

Mo ní, "Bertha, ìwọ gan-an ni wọ́n kọ́ ọ fún."

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi awò sójú, ó jókòó ti fóònù rẹ̀. Àwọn àga hàn níbẹ̀ bí àpótí kéékèèké. Èyí tó ṣì wà nílẹ̀ ní àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n bá ti rà á dúdú. Ó yan méjì tó tẹ̀ léra ní ìlà kejì, fún eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó ṣe yàn án tán ni aago kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Bí kò bá tètè sanwó, àwọn àga náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Wọ́n ń rà á tán o!" Ó já fóònù tèmi gbà, ó fi pe Ifáyọ̀kẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Ifáyọ̀kẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì tiátà tuntun ti jáde. Ṣé wàá lọ?"

"Áà, Bertha, má wulẹ̀ ṣèyọnu. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe láàárín ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé?"

"O ò lọ nìyẹn?"

"Ẹ máa lọ ní tiyín. Màá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Ó dáa. Ó dàbọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí fún? Bí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà wá jẹun, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á pè é tó máa bu òkèlè? Á ní òun ti yó. Wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Á ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ìgbà tí wọ́n bá fà á lọ́wọ́ ló ń dìde. Obìnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré ń sọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé, ohun tó fẹ́ gbọ́ ò ju pé, "Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún, ta ni mo fẹ́ bá jókòó bí kò ṣe ìwọ?"

Mo ní, "Bertha, tún un bẹ̀."

"Bàbá Débọ̀, ẹ ò rí aago yìí ni? Ó ní òun ò lọ. Ẹ̀yin lẹ ó bá mi lọ."

Èmi! Èmi tí oorun máa ń gbé lọ bí wọ́n bá ti pa iná gbọ̀ngàn! Ó sanwó. Kó tó di ọjọ́rọ̀, kò ku àga kan nílẹ̀ fún eré kankan. Mi ò ní purọ́ mọ́ ìyàwó mi: kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìkánjú ló bá a, ìkánjú tí kò bá a rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Lẹ́yìn náà, Ifáyọ̀kẹ́ kí i lọ́jà. Ó bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni eré náà. Bertha ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Ifáyọ̀kẹ́ ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i." Bertha ṣe àmín, ó ra ata rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí Sátidé pé, máíkírà gbé wa dé ẹnu gbọ̀ngàn nígbà tí agogo ìkìlọ̀ ti ń dún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Gèlè ló dá wa dúró. Wọ́n yẹ fóònù Bertha wò, wọ́n ní ká wọlé. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí Ifáyọ̀kẹ́ ní ìlà iwájú.

Ó wọ ìró àti bùbá tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti wọlé láti ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbálẹ̀. Gabriel tó ń ṣọ́ géètì mọ̀ ọ́n ní Ọjà'ba, kò bi í ní ohunkóhun. Ìborùn rẹ̀ wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ra àga méjèèjì, tọkọtaya kan, dúró tì í, ara wọn ò balẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń júwe àga, Ìtùnú ló wà lára káàdì àyà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí tíkẹ́ẹ̀tì yín."

"Mo ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ń bọ̀. Òun kì í tètè dé ni." Bó ṣe yíjú nìyẹn, ó rí wa, ojú rẹ̀ tàn. "Òun nìyẹn! Bertha! Má wulẹ̀ sáré, mo ti gbàyè!"

Gbogbo gbọ̀ngàn wò wá. Ifáyọ̀kẹ́ wo Bertha, ó wò mí nínú agbádá mi, ó tún wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Bertha. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín ò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀ lọ.

Bertha ní, "Ṣebí… ṣebí o ní o ò lọ."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, èyí ló rí sọ!

Ifáyọ̀kẹ́ ní, "Òótọ́ ni. Mo wí bẹ́ẹ̀."

Mo sáré dá sí i. Mo ní, "Ifáyọ̀kẹ́, ẹ wá gba àga tèmi, ẹ bá mi ṣe é. Oorun ni mo wá sùn." Ó ní, "Rárá o, ọkọ wa. Ẹ jókòó ti ìyàwó yín." Bertha di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ rí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Ìtùnú ní òun lè wá àga kan sí ẹ̀yìn fún wọn. Ifáyọ̀kẹ́ ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Má ṣèyọnu." Lọ́tẹ̀ yìí, ó dé inú rẹ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò lórí àga, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi sí èjìká, ó sì bọ́ síta.

Mo ní ká tẹ̀lé e. Bertha jókòó bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga. Ó yẹ kó tẹ̀lé e. Títí dòní ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mi ò sùn nídìí eré, mi ò sì lè sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Bertha ní kí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tèmi fún eré méjì tó kù sórí bébà, ó gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Ifáyọ̀kẹ́ gbà á lálejò dáadáa. Ó fún un lómi, ó béèrè ọmọ, ó ní kò sí ìjà kankan. Ìyẹn ló tiẹ̀ dun Bertha jù. Ká ní ó bú u ni, ìbá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì wá sí pálọ̀ wa mọ́.

Lọ́jọ́ eré kejì, Bertha jí mi nídìí oorun ọ̀sán, ó ní ó ti yá. Àwa la kọ́kọ́ débẹ̀. Mo sìn ín dé ìlà kejì. Ó jókòó, ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga kejì. Ìtùnú ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba àga yẹn. Ó ní nọ́ńbà." Bertha ní, "Mo mọ̀. Ó lẹ́ni." Èmi lọ jókòó ti Gabriel ní géètì, mo ń wo ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Òsì. Bákan náà la ṣe lọ́jọ́ eré kẹta. Kò wá.

Nínú máíkírà tó gbé wa padà sí Òkè Padre lẹ́yìn eré ìkẹyìn, Bertha ká ìborùn náà sórí itan. Mo fẹ́ tù ú nínú. Mo ní, "Ìwọ náà kúkú bi í. Ẹ̀bẹ̀ ni o ò bẹ̀ tó."

Ó mi orí.

"Rárá, Bàbá Débọ̀. Bíbi tí mo bi í gan-an ni. Láti kékeré wa, Ifáyọ̀kẹ́ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí bóyá mò ń bọ̀. Ó kàn máa ń gbàyè dè mí ni."