Gbànja Tí Mo Dà Nù

Tí mo bá ti gbóòórùn ewé tútù, ilé ìdáná wa ní Steilshoop, ní Hamburg, ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Inú irú ewé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi máa ń di obì gbànja rẹ̀ sí, á wá kó o sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì àwọn ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lichtenberg, ní Berlin, ló máa ń rà á ránṣẹ́ sí i. Àìsàn Parkinson ti mú Bàbá nígbà yẹn: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wúwo. Síbẹ̀, láràárọ̀, tó bá ti lo oògùn rẹ̀, á jẹ gbànja, á wọ kóòtù, á rọra sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì ní Bäckerei ìsàlẹ̀ ilé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe fún wa nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Èmi ní tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí ni. Ìwọ náà mọ bí a ṣe máa ń gbóná nígbà yẹn. Wọ́n wàásù lọ́jọ́ Sunday kan pé ohun tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbàgbọ́. Mo délé, mo ṣí fíríìjì, mo da gbogbo gbànja Bàbá sínú Biomüll, garawa tí a ń da ìdọ̀tí oúnjẹ sí.

"Bàbá, ẹ má bínú o, nǹkan òrìṣà ni. Mi ò fẹ́ ẹ nínú house mi mọ́."

Ó wò mí títí. "Èmi ò fi bọ nǹkan kan. Mo kàn ń jẹ ẹ́ ni."

Kò jà. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó má fi ránṣẹ́ mọ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Kò pé oṣù méjì tí ẹsẹ̀ Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló burú jù: ara rẹ̀ á fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ kò ní gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a níbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ti dúró tipẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ mi ló lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi bá wa gba Termin, ìyẹn ọjọ́ ìpàdé, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan ní Berlin. Obìnrin náà bèèrè bóyá Bàbá ń mu kọfí, èmi sì túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé mi ò kì í mu kọfí. Obì ni mo ń jẹ tẹ́lẹ̀, mo ti fi sílẹ̀."

Mo fẹ́ fo gbólóhùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi German sọ ọ́, ó sì ń wò mí. Dókítà ní kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, pé àwọn kan ń dán an wò bóyá ó lè kún oògùn lọ́wọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Kò tíì dájú, kò sì lè rọ́pò oògùn. Mo bi í bóyá obì tó fi sílẹ̀ ló fà á.

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń le sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Kí a tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà, mo ra gbànja ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Schöneberg. Mo kó o lé Bàbá lórí itan nínú ọkọ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tó la ọ̀kan sí méjì. Ó na awẹ́ kan sí mi, torí kò dá obì jẹ rí níṣojú ọmọ rẹ̀.

"Gbà, jẹ."

Mo jẹ ẹ́, ó korò. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í: "Bàbá, kí lẹ máa ń rí nínú ẹ̀?"

"Ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbọ́ tèmi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ilé ẹ ni."

Láwọn ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò dé Bäckerei mọ́ títí tó fi kú. N kò mọ̀ bóyá gbànja ló gbé e ró, n kò sì ní mọ̀ láé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá mi mọ ohun tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi í sílẹ̀, torí mo jẹ́ kó mọ̀ pé àlejò ni òun nílé mi.