Ẹyẹ Tó Ń Tẹ̀ Lé Kòkó

Bàbá mi kò mọ orúkọ ẹyẹ náà. Àlejò ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí a sì ń sá kòkó sí àgbàlá wa ní Ilare, ó máa ń dé. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, a ò níí rí i mọ́. Eṣinṣin tó ń kùn lórí ẹní kòkó ló ń wá jẹ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, láàárín àwọn ọdún 1990, ojú bàbá mi ti fọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú, kò sì sí ẹni tó ká kòkó wá sílé. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí láti orí ibùsùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé:

"Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé, Bàbá."

N kò lè purọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé wọn ò níí rí ọdún tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹyẹ náà bá wọn láyé. Mo tọrọ apẹ̀rẹ̀ kòkó tútù kan lọ́wọ́ ìyá tó wà ní ojúlé kejì. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí eṣinṣin máa bà lé aláìsàn, ni mo bá fọ gbogbo funfun dídùn ara kòkó náà kúrò kí n tó sá a. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, ẹyẹ kankan kò bà síbẹ̀.

Ìyá náà yọjú wò ó. "Ẹ gbà mí! O fọ kòkó? Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè ni?"

Bàbá mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni eṣinṣin fẹ́ lá níbẹ̀? Sá òmíràn bó ṣe wà. Bí wọ́n bá bà lé mi, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ jẹ lára mi?"

Ọjọ́ kejì tí mo sá òmíràn, ẹyẹ kan bà sí etí ẹní. Mo jókòó ti fèrèsé, mo ń sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń rí i. Kò tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń ṣá, ikùn rẹ̀ bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Kì í tọ bí ológoṣẹ́. Ńṣe ló ń fi ẹsẹ̀ rìn.

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gùn, ẹ̀gbẹ́ ìrù náà méjèèjì funfun. Ó ń jù ú sókè sódò."

"Òun náà ni," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà rẹ̀ jìn."

Ọjọ́ kẹrin tí ẹyẹ náà dé ni bàbá mi kú. Kò sí ẹni tó rántí kó kòkó náà nílẹ̀, ó sì bu mọ́ ẹní. Ẹyẹ náà ń ṣa eṣinṣin jẹ láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Nígbà tí ẹnìkan fẹ́ gbá ibẹ̀, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, ikùn ẹyẹ náà ti pọ́n tán bí ìyeyè, ó yàtọ̀ sí bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi. N kò rí ẹni tí mo máa tún un sọ fún.