Ẹ̀rọ Tó Sin Ẹ̀gbọ́n Mi sí Kútọnú

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi, mo máa ní kó lọ wá irọ́ tó dára ju ìyẹn lọ. Àmọ́ bó ṣe rí nìyí: ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri ló sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí Kútọnú, nígbà tí ìyá wa tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é nílé wa ní Ailegun, l'Ékòó. Èmi gan-an ni mo sì ń bá ẹ̀rọ náà tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Bọ́ládé, ní Òṣòdì, la ti dàgbà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n yọ owó ilé-ìwé mi lápò níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, mi ò sì mọ̀ títí mo fi dé iwájú akọ̀wé owó. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta bàtà òkìrìkà létí títì nígbà náà, ló san òmíì. Ó wá fà mí létí, ó ní, "Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí, gbọ́. Ọmọ Òṣòdì kì í gbé gbogbo owó ẹ̀ sójú kan. Fi díẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, fi díẹ̀ sábẹ́ fìlà, fi díẹ̀ sápò ẹ̀yìn kí olè náà lè rí nǹkan jẹ. Ìyókù, gbé e fún ẹni tó o gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì jẹ́ ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ísọlọ̀, síbẹ̀ mi ò tíì gbé gbogbo owó mi sójú kan rí. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó dà bí ìgbà tí báǹkì bá ń ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Kútọnú, ó lé ní ogún ọdún tó fi tajà níbẹ̀. Òun ò lo káàdì rí. Inú ìgbájá ni owó tiẹ̀ ń gbé. Tó bá wá kí wa, á mú káàdì mi lọ́wọ́, á yí i sọ́tùn-ún sósì. "Ọ̀mọ̀wé, pélébé yìí náà lowó? Tó o bá pè é tí ò dáhùn ńkọ́?"

Èmi á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ so tiyín mọ́dìí, ṣé ó ń dá yín lóhùn ni?"

Àwàdà wa nìyẹn. A lò ó gbó.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, kí oòrùn tó yọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ pè mí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni obìnrin náà, ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n mi ló fara kanra. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ọsibítù ló kú sí. Mo ní, "Mo ti gbọ́." Bí mo ṣe máa ń dá awakọ̀ lóhùn nìyẹn tó bá ní ẹrù ti dé géètì.

Ìyá wa ò sunkún. Wọ́n ní, "Gbé e wálé fún mi lónìí. Jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀ kí wọ́n tó bò ó." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ní ìbọdè, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń na sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kútọnú, sí mi lójú. Mo kọjá lára wọn. Báǹkì mi ti kọ̀wé sórí fóònù mi pé káàdì náírà ti tún ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, owó tó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà sì wà nínú ẹ̀. Kí èmi ọmọ Òṣòdì wá máa ka ìyẹn lójú gbogbo ayé ní ìbọdè? Kò ṣeé ṣe.

Nígbà tí mo dé Kútọnú, ọsibítù ní ká san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà sẹ́fà kí àwọn tó yọ̀ǹda òkú. Awakọ̀ kan wà tó ti gbé òkú kọjá ìbọdè rí, tó mọ gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni tiẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, tí owó mi ò pé, mo ti lọ nìyẹn. Ìbọdè ò mọ ọ̀fọ̀."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àbúrò, ṣé owó wà?"

Mo na káàdì sókè. "Ó wà níbí, Àǹtí."

Ó padà sídìí ọjà ẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà lódìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èrò sì tò síwájú ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rọ náà bi mí lédè Òyìnbó pé ṣé kí òun fi náírà ṣírò ẹ̀ ní iye tòun, àbí kí òun fi sílẹ̀ ní sẹ́fà. Mo rí náírà níbẹ̀ bí ẹni rí ará ilé lójú àjò. Mo tẹ náírà. Mo gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún péré, mo sọdá títì, mo kó o fún Àǹtí, mo padà lọ tò sẹ́yìn. Mo tún gba ogún, mo tún sọdá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú èrò tí mi ò mọ̀ rí ni mo wà, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì ń bẹ létí mi: má gbé e sójú kan.

Ìgbà mẹ́jọ ni mo lọ tí mo bọ̀. Mo rántí pé àwọ̀ ewé ni iná ẹ̀rọ náà. Mo rántí ọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà níwájú mi. Mi ò rántí pé mo ronú nípa òkú rárá.

Ní ìgbà kẹsàn-án, ẹ̀rọ náà kùn, kùn, kò sì pọ nǹkan kan. Ní ìkẹwàá, ó ní owó mi ò tó mọ́.

Mo sọdá títì. Fóònù mi ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìgbà tí mo ti kọjá ìbọdè, Àǹtí ló fún mi ní dátà tiẹ̀ kí n lè yẹ àkáǹtì mi wò. Ó bá mi wò ó. Ó ṣírò ẹ̀, ó ní:

"Náírà mẹ́ta ni wọ́n gbà lórí sẹ́fà kan. Ní ìbọdè, méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ ni. Wọ́n wá ń yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé e gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́." Ó fi ìka tọ́ka sí ìkẹsàn-án. "Wọ́n yọ èyí tí wọn ò fún ẹ yìí náà."

Mo ní, "Mo rí i."

"Ọ̀mọ̀wé! Kí ló dé tí o ò bi mí? Mo ní àkáǹtì ní Nàìjíríà. O ò bá fi náírà ránṣẹ́ síbẹ̀, n bá ka sẹ́fà fún ẹ lórí ìjókòó yìí, ní iye ọjà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ náà, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn!"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí."

"O na káàdì sí mi. Mo ní ẹni tó kàwé ti mọ̀."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ló kù kí owó pé. Ó tú ìgbájá tiẹ̀, ó kà á jáde, ó sì pe awakọ̀ náà. Ọkùnrin náà ti gbé èrò mìíì lọ. Wọ́n ti kírun ọ̀sán tipẹ́, orí ìlà ni mo wà nígbà náà. Àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òkú náà sun ọsibítù di ọjọ́ kejì, pé ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà ni. A san owó ọsibítù, a gba òkú, a sì sin ín lẹ́yìn ìrun alásárì.

Mo fi fóònù Àǹtí pe ilé. Ìyá wa ní, "Ṣé ẹ ti wọkọ̀?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. A ti sin ín."

Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé Ailegun, wọ́n ti kó àga jáde nínú pálọ̀, ẹní ṣì wà nílẹ̀. Màmá jókòó sí etí ẹní, wọ́n ń ká aṣọ funfun kan, wọ́n rọra ń tẹ etí ẹ̀ kó lè dọ́gba. Mo dọ̀bálẹ̀. Fóònù mi dún nínú àpò.

"Ta nìyẹn?"

"Báǹkì ni, Màmá. Owó kan wà tí ẹ̀rọ yọ tí kò fún mi lánàá. Wọ́n dá a padà."

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin."

Wọ́n ká aṣọ náà tán, wọ́n gbé e sórí itan. "Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí wa. Lọ fi ra búrẹ́dì. Gbogbo ẹ̀ ni kó o fi rà á, má mú ṣéńjì kankan wọlé yìí."

Mo lọ sí ìkóríta. Oníbúrẹ́dì wo iye tí mo ní kó kó fún mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tì mí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá mi kó o sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kún débi pé mi ò ríbi jókòó. Mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e délé.